Ẹni Tó Bá Kọ́kọ́ Pè É

Èémí ni àwọn oníbàárà kọ́kọ́ gbọ́.

Ṣáájú ìgbà náà, bí èèyàn bá tẹ nọ́ńbà lórí láìnì iléeṣẹ́ fóònù kan, tí ìpè ò bá lọ, ohùn obìnrin kan ló máa ń dá a lóhùn. Ohùn náà kò jọ ti ẹ̀rọ rárá. Ó kún, ó rọlẹ̀, bí ohùn ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Ẹ má bínú. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa ti sú yín. A ti ń tún un ṣe, ẹ fún wa láyè díẹ̀ sí i." Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́. Àwọn tó ti fẹ́ ju síìmù wọn sí ààtàn gbọ́ ọ, wọ́n ní, ẹni tó mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ ká wò ó ná.

Nígbà tí òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà dákẹ́. Èémí ló rọ́pò rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan gbé ẹnu sún mọ́ fóònù lódìkejì, tó ń mí, tó fẹ́ sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ ò sì jáde. Bàbá arúgbó kan pe iléeṣẹ́ náà, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wo obìnrin yín yẹn. Nǹkan kan ti di ọrùn rẹ̀ mú."

Àwọn ẹnjinníà yọ ohùn náà kúrò, wọ́n tún un gbé sórí ẹ̀rọ. Èémí náà ni. Wọ́n wo ara wọn lójú, kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Iléeṣẹ́ tó ń kú lọ ni wọ́n gbé lé obìnrin náà lọ́wọ́. Àwọn òpó rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà oko ti di ilé ẹyẹ. Àwọn tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ ti ń jí epo rẹ̀ tà. Àwọn oníbàárà ti sọ nẹ́tíwọ̀kì náà ní Màá-Padà-Pè-Ọ́, torí ohun tí èèyàn máa ń sọ kó tó já nìyẹn. Màdáàmù, bí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe ń pè é, kò jókòó sí ọ́fíìsì. Ó wọ bàtà òjò, ó ń ti ìdí òpó kan bọ́ sí ìdí òmíràn. Ó gba mọ́tò lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá, ó ní kí wọ́n máa fi gbé ẹnjinníà lọ sí abúlé. Ó lé àwọn olè epo lọ, ìbáà jẹ́ ọmọ èèyàn ńlá. Kò pẹ́ púpọ̀, ìyá àgbà tó máa ń gun òkè kó tó lè bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpè nídìí ààrò rẹ̀.

Inú gbogbo èèyàn dùn, àfi ti ẹnì kan. Ẹni yẹn gan-an ló sì ń rẹ́rìn-ín jù.

*

Igbákejì ọ̀gá àgbà ti pẹ́ níbi iṣẹ́ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Lójú tiẹ̀, òun ló ni àga yẹn; ẹlòmíràn kàn ń bá òun jókòó lé e ni. Nígbà tí iléeṣẹ́ ṣì ń ṣubú, ó fara dà á, ó ní kí obìnrin náà bá a wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí i pé òkú fẹ́ jí, oorun dá lójú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, ó gun àtẹ̀gùn tóóró kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Baba Onígò ló ń gbé lókè. Yàrá kan ṣoṣo ni, pákó sì yí ògiri rẹ̀ ká láti ìsàlẹ̀ dé àjà. Ìgò ló kún orí pákó náà, tí wọ́n fi ìdérí dé pinpin. Kò sí nǹkan kan nínú ọ̀pọ̀ wọn. Síbẹ̀, ìrì ń sẹ̀ nínú àwọn mìíràn, bí ìgbà tí èèyàn bá mí sí dígí.

"Kí lo bá wá?" Baba Onígò kò gbójú sókè.

"Baba, obìnrin kan ni, níbi iṣẹ́."

"Ṣé kó kú?"

"Rárá o! Mo lẹ́rù Ọlọ́run. Mo kàn fẹ́ kó dákẹ́ ni."

Baba Onígò wá wò ó dáadáa. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé 'mo kàn fẹ́' yìí, ẹ̀yin lẹ burú jù. Gbé ohùn rẹ̀ wá."

Igbákejì mú fóònù rẹ̀ jáde, ó tẹ ohùn ẹ̀bẹ̀ náà. Baba Onígò gba fóònù ọ̀hún, ó dorí rẹ̀ kodò sí ẹnu ìgò kan, ó sì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ohùn: "Ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu òkúta. Ẹ̀rín kì í jáde lẹ́nu igi. Ilé tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ látìta, onílé ò lè jáde."

Ohùn náà ń dún, "Ẹ má bínú... ẹ má..." Ó ń fà sẹ́yìn. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó ń rìn lọ sínú ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó yá, fóònù ṣì ń tàn, ó fi hàn pé ohùn ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dún mọ́. Inú ìgò náà bò fún ìrì. Baba Onígò dé e.

"Kí ni kí n mú wá fún yín, Baba?"

"Má mú nǹkan kan wá." Ọkùnrin náà gbé ìgò sétí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ohùn yìí dùn. Ó tó mi."

*

Ìpàdé ni Màdáàmù wà nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa òpó tuntun tí wọ́n fẹ́ rì sí ìlú kan lẹ́yìn odò, ohùn rẹ̀ sì já. Ó tún padà. Ó tún já. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹnu bọ etí èkejì rẹ̀: "Nẹ́tíwọ̀kì Màdáàmù ti lọ." Ẹ̀rín sọ. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó mu omi, ó tún ya ẹnu. Atẹ́gùn lásán ló jáde.

Ẹ̀rín dá.

Dókítà tan iná sí ọ̀fun rẹ̀ títí, ó ní kò sí egbò, kò sí ìwúlé, kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní kó sinmi. Màdáàmù lọ sílé, ó sinmi. Ohùn ò bọ̀.

Ohun tó bà á lẹ́rù jù ni fóònù orí tábìlì rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dún, ó gbé e. Ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́. Ohùn náà ń fi ẹnì kan ṣẹ̀fẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń rín nígbà tó wà lọ́mọge. Ọkùnrin kan wá sọ níbẹ̀ pé, "Ó tó, sùn." Fóònù sì kú. Màdáàmù jókòó síbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀fun mú bí ẹni pé wọ́n ṣì lè jí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin ni. Yèyé ló máa ń pè é, torí ó fi ojú jọ ìyá tó bí Màdáàmù. Yèyé ń ṣe tíṣà nílùú ẹ̀yìn odò yẹn. Ó ń pè, Màdáàmù kò lè dáhùn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń fi ránṣẹ́. Yèyé kọ ọ́ padà pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n gbọ́ yín, ìbáà ṣe kẹ́ ẹ kàn wúkọ́." Ìyá rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí, ó sunkún. Ẹkún náà pàápàá kò ní ohùn.

Níbi iṣẹ́, Igbákejì wá di ẹnu rẹ̀. Bí Màdáàmù bá kọ nǹkan sórí ìwé nípàdé, Igbákejì á gbà á, á wò ó, á sì fi ẹ̀rín sọ fún gbogbo èèyàn pé, "Ohun tí Màdáàmù ń sọ ni pé..." Ohun tó bá sọ kì í ṣe ohun tí Màdáàmù kọ. Ẹnjinníà tí Màdáàmù ní kí wọ́n gbé ga, òun ni wọ́n lé. Epo tó ní kí wọ́n gbé lọ sí abúlé kò kúrò nílẹ̀. Obìnrin náà á máa fi ọwọ́ lu tábìlì, á máa mi orí, Igbákejì á sì fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ kàn án léjìká: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màdáàmù. Ó ti yé wa."

*

Àbúrò ìyá Màdáàmù ló wá wò ó. Nọ́ọ̀sì ni màmá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n bàbá tó bí wọn mọ ewé, òun sì nìkan ló jókòó tì í nínú gbogbo ọmọ. Bó ṣe wọlé láàárọ̀, kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé etí lé ọ̀fun Màdáàmù, bí ẹni tó ń gbọ́ bóyá èèyàn wà nínú ilé kó tó kanlẹ̀kùn.

"Wọ́n ti kó o jáde," ó ní. "Inú ibí yìí ti ṣófo. Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ báyìí?"

Màdáàmù kọ ọ́ sórí fóònù: Igbákejì mi.

"Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Màmá náà mí kanlẹ̀. Ó tú ìdì kékeré kan, ó mú ọṣẹ dúdú kan tó ń rùn bí ilẹ̀ tí iná jó jáde, ó sì gbé òwú tì í. "Gbọ́ mi dáadáa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Wàá fi èyí wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó o bá yàn. Bó o bá ti wẹ̀ tán, ẹni tó bá kọ́kọ́ pè ọ́, tí ìpè rẹ̀ wọ etí rẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹrù yìí ń lọ. Ohun yòówù kó pè ọ́ o. Orúkọ tàbí Màdáàmù tàbí àǹtí, ọ̀kan náà ni. Fi òwú di etí rẹ méjèèjì títí wàá fi dé iwájú ẹni tó o fẹ́. Ìpè kì í nù sójú ọ̀nà. Bí kò bá wọlé ẹni tí wọ́n pè, ọ̀dọ̀ ẹni tó pè ló ń padà sí, kò sì ní pa á lára."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. "Má jẹ́ kí ẹni tó o fẹ́ràn pè ọ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò ní oògùn ìyẹn."

Kò ṣòro fún Màdáàmù láti yan ọjọ́. Àwọn olówó kan láti òkè òkun ń bọ̀ wá wo iléeṣẹ́ náà, bóyá wọ́n máa dá owó sí i. Wọ́n máa fi òpó ẹ̀yìn odò tuntun pe ìpè àkọ́kọ́ lójú gbogbo èèyàn ní gbọ̀ngàn. Igbákejì ló máa darí ètò náà, òun ló sì máa pe ọ̀gá àgbà jáde. Orí pèpéle, lójú ìgbìmọ̀ tó ń darí iléeṣẹ́, ni ó máa ti la ẹnu ara rẹ̀ pè é.

*

"Ó ti rí ẹnì kan," Baba Onígò sọ fún Igbákejì lórí fóònù. "Ìgò náà ń gbọ̀n lórí pákó mi láti àárọ̀. Má pè é lọ́jọ́ táwọn àlejò yín ń bọ̀ o. Má kí i. Kódà má súfèé sí i bí ẹni tó ń pe ajá."

Òógùn bo Igbákejì. "Èmi ni mo máa pè é jáde, Baba!"

"Jẹ́ kí ẹlòmíràn pè é. Ta ló fẹ́ràn jù láyé?"

Igbákejì rìn lọ síbi wíńdò rẹ̀. Ó mọ Yèyé. Òun ló di kẹ̀kẹ́ mú fún un lẹ́yìn iléeṣẹ́ nígbà tí ọmọ náà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀gá kékeré níbẹ̀, tí òun àti obìnrin náà jọ ń jẹun ọ̀sán. Ó rántí bí ọmọ náà ṣe ń pariwo pé, "Ọ́ńkù, ẹ má fi mí sílẹ̀ o!" Ó dúró síbi wíńdò rẹ̀, ó ń wo ọgbà. Àga tó wà nínú ọ́fíìsì kejì ló tún wá sí i lọ́kàn.

Ó tẹ nọ́ńbà.

"Yèyé! Báwo ni iṣẹ́? Báwo làwọn ọmọ ilé ìwé?"

"Háà, Ọ́ńkù! Ẹ mà kú ọjọ́ mẹ́ta o! Ṣé kò sí? Mọ́mì ńkọ́?"

"Ara wọn ń yá. Gbọ́, mo fẹ́ ká fún wọn láyọ̀. Lọ́jọ́ tí a máa ṣí òpó tó wà lọ́dọ̀ yín, ìwọ ni mo fẹ́ kó pe ìpè àkọ́kọ́. Bó o bá ti rí i pé a gbé e, má sọ nǹkan mìíràn. Sá ti pe Mọ́mì, kó o pè é sókè dáadáa, kí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. Má sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ o."

Yèyé ń rẹ́rìn-ín. "Ọ́ńkù, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín."

Igbákejì gbé fóònù sílẹ̀. Ó fi aṣọ ìnujú nu ọwọ́ rẹ̀, ó tún un nù.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Màdáàmù wẹ̀. Omi tó ṣàn kúrò lára rẹ̀ dúdú bí epo ẹ́ńjìnnì, kò sì fẹ́ wọ inú ihò balùwẹ̀. Ó ń yí ká níbẹ̀ bí ohun tó ń wá ẹsẹ̀. Ó ki òwú bọ etí, ó so ìborí lé e. Ó pa fóònù rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú báàgì.

Ayé dákẹ́ fún un. Ó rí ẹnu awakọ̀ tó ń kí i, kò gbọ́. Ó rí ẹnu ẹ̀ṣọ́, ti akọ̀wé, ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kúnlẹ̀ lójú àtẹ̀gùn. Ó ń mi orí, ó ń rìn, bí ẹni tó ń gba abẹ́ omi kọjá. Gbogbo ẹnu tó ń ṣí dà bí ihò tó lè ṣubú sí.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn àlejò jókòó níwájú, alága ìgbìmọ̀ láàárín wọn. Yàrá ẹ̀rọ tó ń gbé gbogbo nẹ́tíwọ̀kì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin. Gbogbo ẹnjinníà ti jáde wá wòran. Igbákejì gun orí pèpéle, ó mú gbohùngbohùn. Màdáàmù tú ìborí rẹ̀. Ó fa òwú ọ̀tún yọ, ó fa tòsì yọ.

"Ẹ̀yin èèyàn wa," Igbákejì ń sọ, ẹ̀rín rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò, "ẹ jẹ́ ká má fi ọ̀rọ̀ gùn. Ìpè àkọ́kọ́ láti ẹ̀yìn odò rèé!"

Kò wo ọ̀dọ̀ Màdáàmù rárá. Àwòrán jáde lára ògiri, ó tóbi ju èèyàn lọ. Yèyé ni. Ó wọ aṣọ tó dára, fóònù wà létí rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn sípíkà tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í dún: kíríín. Kíríín.

Màdáàmù wo Igbákejì. Igbákejì wá wò ó wàyí. Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú rẹ̀.

Ó ya ẹnu kó ké. Atẹ́gùn. Ó fi ọwọ́ bo etí, sípíkà náà lágbára ju ọwọ́ lọ. Ó gbọ́ bó ṣe ń wọ eegun rẹ̀. Ó sáré. Ó tẹ ẹsẹ̀ àlejò mọ́lẹ̀, ó fi èjìká já ilẹ̀kùn irin náà, ó wọ yàrá ẹ̀rọ. Gbogbo ohun tó ti fi bàtà òjò rìn kiri tún ṣe wà níwájú rẹ̀, iná wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì, tó ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ògiri ẹ̀yìn ni ọ̀pá ńlá tó ń pa gbogbo rẹ̀ wà. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n fà á rí, ẹ̀rọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má jí mọ́.

Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ti gbé ìpè Yèyé. "Hẹ́lò? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Mọ́—"

Màdáàmù fa ọ̀pá náà lulẹ̀.

Òkùnkùn bo gbogbo iná wẹ́wẹ́ náà. Sípíkà kú. Láti ibẹ̀ dé abúlé tó jìnnà jù, fóònù kú sí gbogbo èèyàn létí, oníṣòwò, aláìsàn, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì. Nínú gbọ̀ngàn, àwọn àlejò ti dìde, ọ̀kan ti ń di báàgì rẹ̀.

Igbákejì ló kọ́kọ́ wọlé. Gbogbo ọdún tó fi dúró de àga yẹn wà lójú rẹ̀, ó rí ẹ̀rọ tó dúdú láti òkè délẹ̀, ó sì gbàgbé ara rẹ̀.

"Màdáàmù! Kí lẹ ṣe yìí? Ẹ ti pa iléeṣẹ́ mi!"

Igbákejì gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Màdáàmù rí i pé ó gbọ́ ọ. Ẹ̀rín tí ọkùnrin náà ti ń rín láti ọdún gbọọrọ ṣí kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó nawọ́ síwájú, ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Ètè rẹ̀ ń lọ, ètè rẹ̀ ń bọ̀, bí ti ẹja tí wọ́n gbé sórí àpáta. Ó wó lulẹ̀ lórí orúnkún, ó ń fi èékánná ya ọ̀fun ara rẹ̀.

Lọ́fun Màdáàmù, nǹkan kan wọlé. Ó gbóná. Ó le, ó rí gbàgìdì, bí ìgbà tí èèyàn bá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ẹlòmíràn.

Àwọn ẹnjinníà rọ́ wọlé. Wọ́n gbé ọ̀pá náà sókè. Kò sí nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́; lẹ́yìn náà, iná kan ṣẹ́jú. Òmíràn tẹ̀lé e. Wọ́n gbé Igbákejì jáde, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru. Alága ìgbìmọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo Màdáàmù bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kóun dúpẹ́ tàbí kóun lé e.

Màdáàmù kò rí i. Ó ti mú fóònù rẹ̀ jáde nínú báàgì, ó tàn án, ó sì ń rìn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí kò sí èèyàn. Bí ìlà nẹ́tíwọ̀kì ṣe gòkè tán, ó dún. Yèyé ni.

Ó gbé e sétí. Ó mí. Omijé ń dà lójú rẹ̀ kó tó ya ẹnu, torí ó ti mọ̀ ọ́n lára pé ọ̀rọ̀ máa jáde.

"Yèyé," ó ní. "Yèyé, ọmọ mi. Èmi ni."

Ìlà náà mọ́ kedere, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó ń gbọ́ afẹ́fẹ́ odò.

"Háà, Ọ́ńkù, ẹ̀yin lẹ gbé e," Yèyé dáhùn. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé fóònù fún Mọ́mì."